Àgò Onílé o! Ta Ló Fún Fóònù Láṣẹ Kó Wọlé?

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà kan ló pè mí wá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti tún un tò díẹ̀ kí ó lè ṣe é kà, ṣùgbọ́n mi ò yọ ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ kúrò.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ wá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú òjò àná náà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan láyé ẹ̀rọ tí a wà yìí. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń tẹ ìwé, tí mo ń ṣe fọtokọ́pì, tí mo sì ń bá àwọn èèyàn kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àdúgbò Under G níbí. Ohun tí mo rí lẹ́yìn tábìlì yẹn ni mo wá sọ. Bí òfin bá wọ̀ ọ́, a ó mẹ́nu bà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo yà ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá kan tí ń dín in lẹ́bàá títì, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá fi bébà wé e fún mi, mo ń jẹ ẹ́ bọ̀. Nígbà tó ku ẹyọ méjì, epo ti mu bébà náà dé àárín, mo wá rí ojú èèyàn kan tó ń wò mí láti inú epo. Obìnrin ni, ó di ṣùkú. Lábẹ́ fọ́tò náà ni orúkọ rẹ̀ wà, orúkọ ọkọ rẹ̀, àdúgbò tó ń gbé, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí, BVN rẹ̀ pé mọ́kànlá láìdín ẹyọ kan, iye tó ń wọlé fún un lóṣù àti iye tó fẹ́ yá. Fọ́ọ̀mù owó ẹ̀yáwó ni. Mo yí bébà náà sọ́tùn-ún sósì, mo rí ilà dúdú kan tó fà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mọ ilà yẹn. Ẹ̀rọ tèmi ló máa ń fa irú rẹ̀ bí inú rẹ̀ bá ti dọ̀tí. Àkàrà ò lọ mọ́ lọ́fun mi.

Èmi ni mo ta ìwé náà. Gbogbo fọtokọ́pì tó bá bàjẹ́, ọmọṣẹ́ mi á kó o sínú páálí, tó bá di ọjọ́ Sátidé, ìyá alákàrà àti àwọn ẹlẹ́pà á wá rà á. Owó ọ̀hún ò tó nǹkan, kò ju owó omi tútù lọ. Obìnrin yẹn gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún mi kí n ṣe ẹ̀dà kan péré. Kò ní kí n fi ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ wé àkàrà fún ìlú.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àgò ti ń wá sí mi lọ́kàn. Nínú agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, àlejò ò ní kàn wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, á ní, "Àgò onílé o!" Onílé á ní, "Àgò yà." Bí kò bá gbọ́ "àgò yà," á tún un pè; bí kò bá sí ìdáhùn, á yí padà. Kò sẹ́ni tó ń bi onílé pé kí ló ń fi pamọ́ tí wọ́n fi ní láti kágò fún un. Ilé rẹ̀ ni, ó tán. Fóònù tó wà lápò wa àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti gbọ́n débi pé wọ́n ń wọlé láìkágò, àwa náà sì ti ń gbàgbé pé ilé tiwa ni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ìyẹn lọ.

Ẹ wo bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ kan, dátà. Bí mo bá ní dátà mi ti tán, gbogbo yín mọ̀ pé kí n lọ rà sí i ni. Ìyẹn ni dátà tí a ń rà. Èyí tí a kì í sọ ni dátà tí wọ́n ń kó: orúkọ rẹ, ojú rẹ, ibi tí o sùn lánàá, ẹni tí o pè láago méjì òru. A ń fi owó ra ti àkọ́kọ́, a sì ń fi èkejì ta wọ́n lọ́rẹ.

Àgò wà nínú òfin Nàìjíríà. Abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù àti ti tẹligíráàmù. Tẹligíráàmù o! Ẹ ò rí i pé àwọn tó kọ ọ́ ò lálàá WhatsApp. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin mìíràn tó dá lé dátà gan-an, òfin yẹn ló sì gbé àjọ tí wọ́n ń pè ní NDPC kalẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń gba dátà rẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kò gbọdọ̀ gbà ju èyí tí iṣẹ́ náà fẹ́ lọ, kò sì gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tó yẹ. O lè ní kí ó fi ohun tó kọ nípa rẹ hàn ọ́. O lè ní kí ó tún èyí tó kọ lódì kọ. Bí dátà bá jò lọ́nà tó lè kó bá àwọn tó ni ín, wákàtí 72 ni ó ní láti fi tó àjọ náà létí.

Ibì kan nínú òfin náà tó dùn mọ́ mi jù ni ibi tó ti ní ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Àwa máa ń sọ pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin yìí ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí o bá dákẹ́, o ò tíì ní "àgò yà." Ẹni tó bá sì ní o gbà, òun ni yóò mú ẹ̀rí wá pé o gbà, bí o bá sì gbà lánàá, o lè yí ọkàn padà lónìí. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń dúró de ìyọ̀ǹda. Báńkì ní ohun tí òfin ní kó gbà lọ́wọ́ oníbàárà, kò lè ní kí o yàn bóyá o fẹ́ tàbí o ò fẹ́. Ṣùgbọ́n òun náà ò lè mú nọ́ńbà tó gbà tìtorí àkáǹtì lọ fún ẹni tí ń ta ilẹ̀. Lọ́dún 2018, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wa dá ẹjọ́ agbẹjọ́rò kan tó pe ilé-iṣẹ́ fóònù lẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì tí ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Agbẹjọ́rò ló jàre. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, tí èmi àti ẹ̀yin ń pa rẹ́ lójoojúmọ́!

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti áàpù ayánilówó, torí mo rí ojú àwọn aránṣọ tó ti ń wo ara wọn.

Ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nítòsí mi. Wọ́n gbé aṣọ ẹbí fún un, kò ní owó láìnì àti síìpù. Ó fi fóònù rẹ̀ yá ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. Mọ́kànlá ló wọlé sí àkáǹtì rẹ̀, wọ́n ti yọ èlé sílẹ̀, wọ́n ní kí ó dá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún padà lọ́jọ́ keje. Kí áàpù náà tó fún un, ó béèrè nǹkan mẹ́ta: jẹ́ kí n wo orúkọ àwọn tó wà nínú fóònù rẹ, jẹ́ kí n wo fọ́tò rẹ, jẹ́ kí n mọ ibi tí o wà. Ó tẹ "Allow," ó tún tẹ "Allow," ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Oníbàárà tó ni aṣọ kò san owó lásìkò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, fóònù mi dún. Fọ́tò ọmọ náà ni, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀daràn ni, pé ẹni bá rí i kó fa á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, pé òun ló fi èmi ṣe onídùúró. Irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, àti mẹkáníìkì kan tó tún jẹnẹrétọ̀ wọn ṣe nígbà kan rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi ojú kan máṣíìnì.

Ẹnìkan á ní, ṣé kò jẹ wọ́n lówó ni? Ó jẹ wọ́n. Àwọn baba wa náà mọ bí wọ́n ṣe ń dójú ti ajigbèsè, wọ́n á dógò tì í. Ológò á wá jókòó sílé rẹ̀, á máa bú u, á máa pa á ládìyẹ jẹ, títí ojú á fi tì í tó máa lọ wá owó. Kò dáa, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Ilé ẹni tó jẹ gbèsè ni ológò ń jókòó sí, kò sí ológò tó lè jókòó sí ọ̀ọ́dúnrún ilé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀rọ lè ṣe é, kò sì rẹ̀ ẹ́.

Ohun tó tún ká mi lára ni pé èmi ò yá owó. Èmi ò tẹ "Allow" kankan. Ọmọ yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá sí ilé tèmi. Nọ́ńbà tó wà nínú fóònù mi kì í ṣe tèmi nìkan, mo kàn ń bá àwọn tó ni ín tọ́jú rẹ̀ ni, bí ìgbà tí ará ilé gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi kó tó re oko. Lọ́dún 2022 ni àjọ FCCPC, tó ń gbèjà oníbàárà, gbé ìlànà jáde pé gbogbo áàpù ayánilówó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google náà ní áàpù owó yíyá èyíkéyìí tó wà lórí àtẹ òun kò gbọdọ̀ wo orúkọ tàbí fọ́tò inú fóònù oníbàárà mọ́. Àwọn tí ń fi líǹkì ráńṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí o tibẹ̀ gba áàpù, àtẹ Google ò kàn wọ́n. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra.

Torí WhatsApp tí mo dárúkọ, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọ̀yọ́ Aláàfin láyé àtijọ́. Kí ìwé tó dé, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n sín pọ̀, ẹfà ni, ó ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, a jọ wà ni. Ìránṣẹ́ á gbé e, á kì í bọ àpò, kò gbọdọ̀ tú u wò. Ohun tí WhatsApp náà ń ṣe láti ọdún 2016 nìyẹn: ó ń di ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ ẹni tó rán an dé ọwọ́ ẹni tó máa gbà á, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ò lè kà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí ìránṣẹ́ yẹn. Kò tú àrokò, àbí? Ó mọ ilé tó ti gbà á. Ó mọ ilé tó gbé e lọ. Ó mọ̀ pé ìgbà kẹrin rèé lọ́sẹ̀ yìí tí wọ́n ń rán òun lójú ọ̀nà kan náà, pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń rán òun, pé ọmọge ilé ọ̀hún ti ń rẹ́rìn-ín kí òun tó dé ẹnu ọ̀nà. Ṣé ó ṣì kù kó ka owó ẹyọ?

Bí fóònù ṣe rí gan-an nìyẹn. Ká má tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ, ilé-iṣẹ́ fóònù mọ òpó ńẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó sún mọ́ ọ jù, torí bí kò bá mọ̀ ọ́n, ìpè ò ní rí ọ. Ó mọ̀ pé Tákíè lo wà láàárọ̀, pé o sùn sí Under G. Ẹni bá rí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ fún oṣù mẹ́fà á mọ ilé àánú tí o ń lọ gbàdúrà, á mọ dókítà rẹ, á sì mọ ilé tí o ò fẹ́ kí ìyàwó rẹ mọ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín o. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ti ìka àti ojú ló kù. Nígbà kan, mo ń ṣèrànwọ́ níbi tí wọ́n ti ń forúkọ síni fún NIN. Ìyá kan wọlé, gàrí ló ń ṣe. Ọwọ́ tó ti fi ogójì ọdún bó ẹ̀gẹ́, tó ti fi yan gàrí nínú agbada gbígbóná. Mo ní kí ó gbé ìka lé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. A fi aṣọ tútù nù ún, ó kọ̀. A fi òróró díẹ̀ pa á, ó kọ̀. Ìlà ìka ìyá ti tẹ́jú bí ọlọ. Ìyá yí sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ní mi ò sí ni?" Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ló padà ràn wá lọ́wọ́. Àwa rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lára mi. Láìsí nọ́ńbà NIN, síìmù rẹ̀ á dí, àwọn iṣẹ́ ìjọba tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè má dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́, ẹ̀rọ kàn ní òun ò rí i.

Ojú tún wá burú ju ìka lọ, torí pé kámẹ́rà ò ní ní kí o gbé e lé nǹkan kan. Lọ́dún 2018, obìnrin adúláwọ̀ méjì, Joy Buolamwini tó tan mọ́ Gánà àti Timnit Gebru tó tan mọ́ Etiópíà, dán ẹ̀rọ mẹ́ta wò tó ń fi ojú mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Fún ọkùnrin tí àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́, àṣìṣe tó pọ̀ jù kò ju 0.8 lọ nínú 100. Fún obìnrin tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ó tó 34.7. Ẹ wo ara yín nínú gbọ̀ngàn yìí, kí ẹ sọ fún mi èwo ni tiwa. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà mú Robert Williams, adúláwọ̀ ni, lójú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, torí pé ẹ̀rọ ní ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó jí aago ọwọ́. Kì í ṣe òun. Bí wọ́n bá jí páswọ́ọ̀dù mi, mo lè pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Níbo ni mo ti fẹ́ lọ pààrọ̀ ojú?

Òfin 2023 yẹn ní kí ẹ̀rọ nìkan má dá ẹjọ́ tó lè pa ènìyàn lára, kí èèyàn ẹlẹ́ran-ara lè dá sí i bí o bá bẹ̀bẹ̀ fún un. Abala 37 ni òun náà. Ẹni tó bá ń ta tẹ́tẹ́ lè fi nọ́ńbà yẹn ṣe ohun tó bá fẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò nínú: èmi ò jalè, èmi ò ní nǹkan tí mò ń bò. Jọ̀wọ́, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Aboyún oṣù méjì kì í pariwo oyún rẹ̀ láàárín ọjà, a ò sì ní ó jí i. Mélòó nínú yín ló máa gbé fóònù rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í báyìí, pé kó ka gbogbo alẹ́ẹ̀tì báńkì rẹ̀ sókè? Ẹ ò ní ṣe é. Olè sì kọ́ ni yín. (Bàbá kan lẹ́yìn ní òun ò ní owó tí ẹnikẹ́ni máa kà. A rẹ́rìn-ín.)

Lórí ìjọba, mi ò ní pẹ́ púpọ̀. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tọdún 2015 ni wọ́n fi ń gbé àwọn tó kọ ohun tí kò dùn mọ́ ẹni ńlá. Lóṣù kẹta ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní abala náà tako ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ẹni, ìjọba sì tún un ṣe lọ́dún 2024. Bẹ́ẹ̀ náà ni FCCPC bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lórí lọ́dún 2024 nítorí bí WhatsApp ṣe ń gba dátà wa. Ìyẹn ni pé àwọn ńlá náà ṣe é mú, bí ẹnìkan bá lọ fẹjọ́ sùn. Àwa tí à ń pariwo PIN fún ọmọ oní-POS, "Bá mi tẹ ọdún tí a gba òmìnira," ta ni a fẹ́ mú?

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn béèrè ìbéèrè, ìyá kan dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, o ti dẹ́rù bà wá tó. Kí la wá fẹ́ ṣe, ká ju fóònù sódò ni?" Mo ní rárá o, Màmá. Bí áàpù bá ní òun fẹ́ wo orúkọ inú fóònù yín, tó sì jẹ́ pé iná tọ́ọ̀ṣì lásán ló fẹ́ tàn fún yín, ẹ kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ NIN sínú ìwé ẹnu géètì, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àti ẹni tó ń tọ́jú ìwé náà. Bí ẹ bá ṣe fọtokọ́pì, ẹ dúró kí ẹ gba èyí tó bàjẹ́ mọ́ èyí tó dáa.

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ìwé tìrẹ tó bàjẹ́ ńkọ́?" Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Mo ní láti ọjọ́ àkàrà yẹn, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń sun ún lálaalẹ́ ọjọ́ Sátidé, ojú mi ló sì ń jó. Ìyá alákàrà ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó máa lanu, ó ní ewé eéran ti wọ́n, pé ẹni tó bá gba bébà lọ́wọ́ òun, kó yáa máa ra ewé fún òun. Mo ti ń rà á. Ìdì kan lọ́sẹ̀.